Bí O Ṣe Máa Fi Etí Ara Rẹ Gbọ́ BP: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Lọ sí Wọ́ọ̀dù

Lójú ará ìta, iṣẹ́ kékeré ni kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìyẹn BP. A wé aṣọ mọ́ aláìsàn lápá, a ki stethoscope, ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró inú ara, bọ etí, a sọ iye rẹ̀, ó parí. Àmọ́ èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn àbúrò ní wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí wá mọ̀ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kùnà. Ọdún kìíní á lọ, ọdún kejì á tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ò tíì gbọ́ ìró "kò, kò, kò" tí ẹ̀jẹ̀ ń dún lábẹ́ stethoscope kó dá a lójú rí. Ọ̀pá ojú aago tó ń gbọ̀n ló ń wò, ohun tí ẹni àná kọ ló ń wò, á wá kọ 120/80. Ọjọ́ ìdánwò ọwọ́ ni àṣírí máa ń tú, nígbà tí olùdánwò bá mú stethoscope ẹlẹ́ni méjì jáde, tí òun náà ń gbọ́ ohun tí ìwọ ń gbọ́.

Má sọ pé ẹ̀rọ oníbátìrì ti dé. Bátìrì ń kú lóru. Bí ọkàn aláìsàn bá ń lù ségesège, ẹ̀rọ yẹn lè sọ iye tí kì í ṣe òótọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà púpọ̀ lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀rọ lè máa fún apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó má mú iye kankan wá. Etí àti ìka rẹ ló kù.

Ohun tí o nílò

Ẹ̀rọ BP olójú aago, èyí tí a ń fi ọwọ́ fún rọ́bà rẹ̀. Kọ́ọ̀fù, ìyẹn aṣọ tí à ń wé mọ́ apá, ó kéré tán ti àgbà àti ti àgbà tí apá rẹ̀ tóbi. Bí o bá wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, tiwọn náà. Stethoscope tìrẹ, tí etí rẹ ti mọ̀. Má yá ti ẹlòmíì lọ́jọ́ ìdánwò. Aago ọwọ́ tó ní ọ̀pá ìṣẹ́jú àáyá. Òwú àti spirit tí o máa fi nu etí àti ojú stethoscope. Bírò àti ìwé kékeré nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ. Àga tó ní ẹ̀yìn, pẹ̀lú tábìlì tàbí ìrọ̀rí tí apá máa lé.

Ohun kan tún wà tí kì í sí nínú ìwé: ọ̀rẹ́ kan nínú kíláàsì rẹ tí yóò bá ọ dánra wò láì tijú. Mo máa padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìpele 1: Yẹ ẹ̀rọ wò kí o tó dé ibùsùn

Tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù dànù, kí o wo ojú aago. Orí 0 gan-an ló yẹ kí ọ̀pá rẹ̀ dúró. Bó bá dúró lórí 6 tàbí 10, má sọ pé o máa yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Dá a padà, kí o béèrè òmíràn.

Wé kọ́ọ̀fù mọ́ ìgò tàbí agolo mílíìkì ńlá, fún un títí yóò fi dé 200, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀pá bá fi ohun tó ju 4 lọ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ẹ̀rọ tó ń jò a máa sáré sọ̀kalẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ á sì rò pé etí rẹ ni kò dára.

Ó wá ku stethoscope. Ojú méjì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní, ojú pẹrẹsẹ ńlá àti èyí tó rí bí ago kékeré. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Fi ìka kan ojú tí o fẹ́ lò pẹ́pẹ́. Bí kò bá dún ní etí rẹ, yí i. Irin etí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀: apá ibi tó tẹ̀ sí ni kó kọjú síwájú, sí ìhà imú rẹ, torí bẹ́ẹ̀ ni ihò etí èèyàn ṣe lọ.

*Ibi tí a ti ń ṣubú:* kí a ki stethoscope bọ etí ní òdì. Ara etí á dí i pa, ìró á kú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ti gbà pé òun ní àìsàn etí, ó ti ń ronú àtifi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo yí irin náà padà fún un, ó gbọ́, omi lé sí i lójú.

*Yẹ ara rẹ wò:* ọ̀pá wà lórí 0, kọ́ọ̀fù kò jò, ìka tí o fi kan ojú stethoscope dún ní etí méjèèjì.

Ìpele 2: Jẹ́ kí ara aláìsàn rọlẹ̀

Fọ ọwọ́ rẹ. Kí aláìsàn kí o tó fọwọ́ kàn án. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Mo fẹ́ wọn ìfúnpá yín. Á fún yín lápá díẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́. Ṣé kí n ṣe é, Mà?" Máàkì wà fún èyí nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí máàkì nìkan: ẹni tí a kò sọ nǹkan kan fún, tí a ṣàdédé fà lápá, ẹ̀rù á bà á, ìfúnpá rẹ̀ á sì gòkè.

Ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀. Má bi í pé "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Báyìí?" Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò já gaara mọ́ á kàn mi orí fún ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìwọ á sì kọ iye rẹ̀ sínú fáìlì ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà, béèrè nǹkan mẹ́ta: Ṣé wọ́n mu kọfí tàbí sìgá, àbí wọ́n jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn? Ohun tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, bàbá tó ń jẹ obì lórí ibùsùn kò sì ní rántí sọ fún ọ bí o kò bá bi í. Ṣé àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn wá? Ṣé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n? Bó bá ń gbọ̀n wọ́n, kí wọ́n lọ tọ̀ ná, torí àpò ìtọ̀ tó kún máa ń gbé ìfúnpá sókè.

Jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yìn ti àga, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Gbé apá rẹ̀ lé tábìlì tàbí ìrọ̀rí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí àárín kọ́ọ̀fù sì bá ọkàn dọ́gba. Apá tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju ọkàn lọ máa fi bíi 7 sí 8 kún iye tí o máa rí. Má sì jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbé apá rẹ̀ dúró sófuurufú.

Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ọmọ á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ìfúnpá rẹ̀ á sì já. Jẹ́ kí ó jókòó.

Àwọn apá kan wà tí o kò ní lò: èyí tí omi ń wọ̀, èyí tí wọ́n gé ọmú ìhà ibẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, èyí tí wọ́n so iṣan rẹ̀ pọ̀ fún ìfọ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́, àti èyí tó rọ nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Béèrè. Má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan.

*Ibi tí a ti ń ṣubú:* ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn màmá wa fẹ́ràn láti máa ṣàdúrà fún ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Ṣe àmín, dúpẹ́, kí o wá bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ á gbé iye náà sókè, á sì bo ohun tí o fẹ́ gbọ́.

*Yẹ ara rẹ wò:* èémí rẹ̀ ti balẹ̀, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, o lè mú ọwọ́ rẹ kúrò lábẹ́ apá rẹ̀ kí apá náà má ṣubú.

Ìpele 3: Wé kọ́ọ̀fù

Awọ ara lásán ni à ń wé e mọ́. Kì í ṣe orí bùbá, kì í ṣe orí súwẹ́tà. Bí apá aṣọ bá há, má ká a sókè títí yóò fi di okùn tó ń fún apá. Fa kọ́tìnì, kí o bá a bọ́ apá aṣọ náà sílẹ̀.

Rọ́bà tó wà nínú kọ́ọ̀fù ni kó yí apá ká tó ìdá 80 nínú 100, kì í ṣe aṣọ ìta rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀fù ní ìlà tí wọ́n kọ sára fún èyí: bí o bá wé e tán, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ìlà méjèèjì. Kọ́ọ̀fù tó kéré máa sọ iye tó ga ju òótọ́ lọ. Èyí tó tóbi jù máa sọ iye tó rẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ìyá olójà tí apá rẹ̀ tóbi lè gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí yóò máa lò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kó sì jẹ́ pé kọ́ọ̀fù ló ṣẹ̀.

Etí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀fù yẹ kó fi ìbú ìka méjì ga ju kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ìyẹn inú ibi tí apá ti ń ṣẹ́, lọ. Àmì ọfà tó wà lára rẹ̀ ni kó wà lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí o fẹ́ gbọ́, èyí tí mo máa fi hàn ọ́ báyìí.

*Yẹ ara rẹ wò:* ìka méjì gba abẹ́ kọ́ọ̀fù pẹ̀lú ìnira díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ó dẹ̀. Tú u, tún un wé.

Ìpele 4: Ìka kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí etí tó ṣiṣẹ́

Ìpele yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Òun náà ló máa ń gba ẹ̀mí là.

Jẹ́ kí apá aláìsàn nà tààrà. Fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ kọ̀rọ̀ ìgúnpá. Wàá kan iṣan líle kan láàárín, tó rí bí okùn, òun kọ́. Sún díẹ̀ sí ìhà ọmọńdinrín, kí o tẹ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí o sì dúró. Nǹkan kan á máa ta ọ́ níka. Ibẹ̀ ni. Má lo àtàǹpàkò: iṣan tirẹ̀ náà ń lù, ara rẹ ni wàá máa gbọ́.

Mú ìka lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ní ìhà àtàǹpàkò, níbi tí a ti ń ka ìlù ọkàn. Bẹ̀rẹ̀ sí í fún rọ́bà. Ní ibì kan, ìlù náà á dáwọ́ dúró lábẹ́ ìka rẹ. Ká sọ pé orí 184 ni. Fi iye yẹn sọ́kàn, tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù, kí o sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ̀jẹ̀ tún lè sàn wọ apá dáadáa.

Kí ló dé tí à ń ṣe èyí? Lára àwọn kan tí ìfúnpá wọn ga, pàápàá àwọn àgbà, ìró náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, á dákẹ́ lójijì fún ìgbà díẹ̀, á tún padà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ká ní 184 ni òótọ́, tí ìró dákẹ́ láti 166 títí dé 142. Ìwọ tí o fún ẹ̀rọ dé 160 nítorí pé iye tí gbogbo ayé ń fún un dé nìyẹn, inú ìdákẹ́jẹ́ lo bọ́ sí. Orí 142 lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ìró, 142 náà lo sì máa kọ. Ẹni tó ń lọ sí ewu á wá dà bí ẹni tí nǹkan kan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe. Etí kò lè mọ èyí. Ìka nìkan ló mọ̀ ọ́n.

*Yẹ ara rẹ wò:* o ní iye kan lọ́kàn tí ìka rẹ sọ fún ọ, kì í ṣe èyí tí o rí nínú fáìlì.

Ìpele 5: Gbọ́

Gbé ojú stethoscope lé ibi tí iṣan ti ń ta ọ́ níka. Kó wà lórí awọ pẹrẹsẹ láìsí àlàfo, ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lo òǹtẹ̀. Má ki í bọ abẹ́ kọ́ọ̀fù. Má jẹ́ kí rọ́bà ẹ̀rọ fara kan rọ́bà stethoscope. Ìró ìfarakanra wọn jọ ìró ọkàn létí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ti skúrúù tó wà lára rọ́bà tí à ń fọwọ́ fún, kí o fún ẹ̀rọ sókè kíákíá títí yóò fi fi 30 kọjá iye tí ìka rẹ sọ. Níbi tí ìka ti sọ 184, wàá fún un dé 214. Bí ìka bá sọ 116, wàá fún un dé 146.

Wá tú skúrúù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ ní 2 sí 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn lọ́ra ju bí o ṣe rò lọ. Láti 160 sọ̀kalẹ̀ dé 70, ó yẹ kó gbà ọ́ ní ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Wo aago rẹ nígbà ìdánrawò, wàá rí i pé o ń sáré. Sísáré yìí ló ń fa àṣìṣe jù lọ, nítorí pé bí ọ̀pá bá fò láti 150 sí 130 láàárín ìlù ọkàn kan àti èkejì, kò sí bí o ṣe máa mọ ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ohun tí wàá gbọ́ nìyí. Ìdákẹ́jẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà, "kò" kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi èékánná kan tábìlì ní yàrá kejì. Èkejì á tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀pá wà nígbà tí o gbọ́ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì ni nọ́ńbà òkè. Ìró náà á wá máa yí: á máa dún bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ihò kọjá, á tún le gbọnyin, lẹ́yìn náà á rọ̀ bí ìlù tí wọ́n da aṣọ bò, á sì pòórá. Ibi tó ti pòórá ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ìpele ìró márùn-ún yìí ni olùkọ́ ń pè ní ìró Korotkoff, ìdákẹ́jẹ́ ìkẹyìn sì ni ìkarùn-ún wọn. Wọ́n máa bi ọ́ nínú ìdánwò.

Nígbà míì, nínú aláboyún tàbí ọmọdé, ìró náà kò ní pòórá títí ọ̀pá fi dé 0. Nígbà náà, ibi tí ìró ti rọ̀ lo máa kọ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà ìsàlẹ̀, kí o sì fi 0 kún un kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: 118/64/0.

*Ibi tí a ti ń ṣubú:* ojú. Ọ̀pá aago máa ń gbọ̀n kí ìró tó bẹ̀rẹ̀, á sì máa gbọ̀n lẹ́yìn tí ìró bá ti tán. Ẹni tó bá ń fi ojú kà á máa kọ iye tó ga jù lókè, tó sì rẹlẹ̀ jù nísàlẹ̀. Gbígbọ̀n ọ̀pá kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun kejì: bí ó bá kọjá etí rẹ, má tún fún ẹ̀rọ sókè láàárín. Tú gbogbo rẹ̀ dànù, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

*Yẹ ara rẹ wò:* nọ́ńbà òkè tí etí rẹ gbọ́ sún mọ́ èyí tí ìka rẹ sọ. Bí ìka bá sọ 184 tí etí wá sọ 142, ọ̀kan nínú wọn purọ́. Tún un ṣe.

Ìpele 6: Kọ ohun tí o gbọ́

Kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àkókò, apá tí o lò, àti bí aláìsàn ṣe wà: ó jókòó ni, tàbí ó dùbúlẹ̀. Ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan lójú aago dúró fún 2, nítorí náà, ẹni tó kọ 117 tàbí 125 ti sọ fún olùdánwò pé òun kò ka ojú aago. Wọ́n á rí i lójú kan náà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, wọ́n rán mi lọ wọn ìfúnpá aláboyún kan ní wọ́ọ̀dù. Ariwo pọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìtìjú mú mi láti lọ sọ fún sister, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà. Mo ṣí fáìlì, mo rí 130/80 ní àárọ̀, 130/80 ní àná. Èmi náà kọ 130/80. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ alẹ́ tún un wọ̀n, ó bá a ní 178/112. Wọ́n sáré gbé ìyá náà lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Òun àti ọmọ rẹ̀ yè. N kò tíì gbàgbé pé lẹ́tà ọwọ́ mi ló wà lórí ìlà tó ṣáájú ti nọ́ọ̀sì yẹn.

Iye tó yẹ kó gbé ọ dìde lọ bá nọ́ọ̀sì tó ju ọ́ lọ: nọ́ńbà òkè tó dé 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó dé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí nọ́ńbà òkè tí kò tó 90. Bó bá jẹ́ aláboyún tí iye rẹ̀ dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ọ̀kan péré nínú méjèèjì ti tó: lọ báyìí, má tíì kọ nǹkan kan. Bákan náà ni àgbà tó dé 180 tàbí 120. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ aláìsàn, wọn apá méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 10 lọ, tún un wọ̀n, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa lo apá tó ga láti ọjọ́ náà lọ.

Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan

Yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé: ṣé ojú stethoscope tó ṣí ló wà lára awọ? Ṣé irin etí kọjú síwájú? Ṣé orí iṣan lo gbé e lé, àbí àárín ìgúnpá lásán? Ṣé rédíò tàbí fáànù ń pariwo? Ní kí aláìsàn gbé apá sókè, kó la ọwọ́ kó sì pa á lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí o tún gbìyànjú. Ìró á le sí i.

Bó bá ṣì kọ̀, sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, n kò gbọ́ tiwọn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Sister kan lè jágbe mọ́ ọ. Farada á. Àyè tí o kò kọ nǹkan sí, ẹlòmíì á rí i, á sì wá wọ̀n ọ́n. Iye èké kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá.

Ìdánrawò ọlọ́sẹ̀ méjì

Èèyàn mẹ́wàá lóòjọ́, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: tẹ́ẹ́rẹ́, sísanra, àgbà bíi mẹ́sẹ́ńjà àti olùṣọ́ ẹnu géètì bí wọ́n bá gbà. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọn ẹnì kan náà ní ìṣẹ́jú méjì síra, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ sínú ìwé láì fi han ẹnì kejì. Ẹ wá ṣí ìwé papọ̀. Bí ìyàtọ̀ yín bá ju 4 lọ, ẹ padà sí Ìpele 4. Bí ẹ bá rí stethoscope ẹlẹ́ni méjì yá lọ́wọ́ olùkọ́, ẹ lò ó lọ́sẹ̀ kejì, kí ẹ máa na ìka sókè nígbà tí ìró bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá tán. Ọjọ́ tí ìka yín bá gòkè pa pọ̀ fún èèyàn mẹ́wàá léraléra, o lè lọ jókòó níwájú olùdánwò.